Àlejò Tó Di Òkúta ní Dagenham

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń bi mí pé kí ni mo rí lóhùn-ún, ẹ má bínú sí mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń dá yín lóhùn pé "ó dára, ó kàn tutù ni," bí ẹni tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn láìjẹ́ kó dún. Lóòótọ́ ni ó tutù. Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló ń mú mi dákẹ́ tí ẹ bá dá ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀. Mo rí obìnrin kan níbẹ̀, òkúta ni, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, mi ò sì mọ ibi tó wà báyìí. Bí mo bá fẹ́ sọ ìrìn-àjò mi fún yín bó ṣe rí gan-an, òun ni mo gbọ́dọ̀ sọ. Àwọn nǹkan yòókù ti ń ṣí lọ lọ́kàn mi díẹ̀díẹ̀. Òun nìkan ni kò ṣí.

Ọmọ Ìgbómìnà ni mí. Abúlé ìyá mi àgbà kò jìnnà sí Èsìẹ́, níbi tí àwọn ènìyàn olókùúta ti jókòó láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Ìyá àgbà sọ fún wa pé àlejò ni wọ́n. Wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn, kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń kí wọn, ni wọ́n bá jókòó láti sinmi, wọ́n sì di òkúta. Oríṣìíríṣìí ni ìtàn náà lẹ́nu àwọn àgbà. Èyí ni tilé wa. Ìyá àgbà kì í sì í kọjá níbẹ̀ láìsọ pé, "Ẹ kú àtìpó o." Nígbà tí mo wọ yunifásítì, iṣẹ́ ọnà àtijọ́ ni mo kọ́. Níbẹ̀ ni mo ti rí àwòrán àwọn òrìṣà obìnrin ilẹ̀ Íńdíà, tí àwọn Híńdù fi òkúta gbẹ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn ìyá tó gbé ọmọ sí itan, tí wọ́n ń wo iwájú bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ọkàn mi fà sí wọn. Ó dà bíi pé ẹbí àwọn ará Èsìẹ́ ni wọ́n, tí ọ̀nà kàn jìn sí ara wọn. Ìyẹn ni mo fi lo ọdún kan ní ìlú òyìnbó, mo fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa wọn.

Ìkíni tí mo gbàgbé

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Lọ́ńdọ̀nù, ló gbà mí sílé ní Goresbrook, ní ìhà gúúsù Dagenham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Màmá mi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò nílé: ohun tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ni kí n kí Mọ́mì kú ará fẹ́ra kù. Ó ti tó ọdún bíi mélòó kan tí ìyá àgbà ti kú. Mọ́mì ò lè wálé wá sin wọ́n, nítorí ìwé ìgbélùú wọn kò tíì jáde nígbà náà, kò sì sí ará ilé kankan tó tíì fojú kojú kí wọn láti ọjọ́ yẹn. Mo há a sórí nínú ọkọ̀ òfuurufú bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ ka àkọ́sórí.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ojú ìyá àgbà gan-an ni mo rí lójú obìnrin tó dúró níwájú mi. Mo kúnlẹ̀. Gbogbo ìkíni tí mo mọ̀ láyé mi sì tú jáde: ẹ kúulé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà mi. Èyí tí wọ́n rán mi nìkan ni kò jáde. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Ohun tó bá ṣe pàtàkì jù lọ́kàn mi, òun ni ẹnu mi máa ń sá fún.

Mọ́mì ní kí n dìde kí òtútù ilẹ̀ má bàa wọ orúnkún mi. "Bọ́láńlé," wọ́n wí, wọ́n ń wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "O bá ọlá nílé, o fi í síbẹ̀, o wá ń wá a kiri Dagenham."

Wọ́n gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ fún mi. Tòmátì inú agolo ni wọ́n fi se é, ó dùn, àmọ́ adùn tó dà bí ìrántí adùn kan ni. Mo jẹun dé ìdajì kí n tó rí ọ̀rọ̀ náà sọ. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Màmá ní kí n kí yín."

Ṣíbí Mọ́mì dúró lójú kan. "O ṣeun. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́."

Ó yà mí lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ìjọ wọn kún fún àwọn ọmọ Yorùbá, àwọn tí kì í jẹ́ kí ikọ́ lásán kọjá láìkí èèyàn. Mo béèrè. Mọ́mì ní àwọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ìyá mi kú, mo sì lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì?" Iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ. Ìyá oníyàá ni wọ́n wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ ẹran sí i.

Mi ò sùn dáadáa. Mo rò pé bóyá ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kí n tó jókòó. Bóyá kò sì yẹ kí n sọ ọ́ rárá. Mo rò pé mo ti gbé òkú wọlé tọ obìnrin tó ti rí ọgbọ́n dá sí i. Mo mọ̀ pé mo máa ń rò jù.

Àwọn tí kì í dúró gbọ́ èsì

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ìwà àwọn ará ibẹ̀, torí ẹ ti ń béèrè. Wọn kì í ṣe ènìyàn búburú. Bí o bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, àwọn ni yóò tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹnì kan á bi ọ́ bóyá o wà dáadáa, kò ní dúró gbọ́ èsì. Ọkùnrin kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa bi mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé mo wà dáadáa, àmọ́ àyà mi máa ń já lójú ọ̀nà ibùdókọ̀, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀. Ó ń fẹ̀yìn rìn bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń mi orí, títí tó fi wọ inú ọkọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ojú fèrèsé ló ti máa ń kọ́kọ́ wo ìta kó tó jáde.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ mò ń ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ aṣọ kan ní Vicarage Field, ilé ìtajà ńlá kan nítòsí. Èmi ni mò ń wọṣọ fún àwọn ọmọlangidi tó wà lójú fèrèsé, àwọn obìnrin oníke tí kò lórí. Mo máa ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn kí n tó tú wọn sí ìhòòhò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé àwọn nìkan ni mo kí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo

Ìjọ Aládùúrà ni Mọ́mì ń lọ, àwọn sì ni Ìyá Ìjọ níbẹ̀. Àyè tí ìjọ ń lò tẹ́lẹ̀ ti há jù, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ìkẹ́rùsí kan láàárín àwọn ilé iṣẹ́, ilé onípáànù gíga tí òtútù ń gbé inú rẹ̀ bí onílé. Ọkùnrin ará Íńdíà kan tó ń ta òkúta ìtẹ́lẹ̀ ló ti lò ó rí. Ó ti dolóògbé. Sátidé sí Sátidé la fi ń gbá ibẹ̀, tí a ń kun ògiri ní funfun, láìwọ bàtà, nítorí Mọ́mì ò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan ní wọn ò tíì ya ilé náà sí mímọ́. Mọ́mì ní Ọlọ́run kì í ṣe àyálégbé tí yóò dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Nínú yàrá ẹ̀yìn ni àwọn ọkùnrin ti ká ọ̀rá aláwọ̀ búlúù kan kúrò, tí obìnrin olókùúta náà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn fẹ̀yìn rìn. Ó jókòó, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ó ká ìkejì sábẹ́ ara rẹ̀. Apá mẹ́rin ni wọ́n gbẹ́ fún un, méjì ti kán ní ìgúnpá. Irun rẹ̀ ga bí adé, yẹtí rẹ̀ tóbi débi pé ó kan èjìká. Ọmọ kan wà lórí itan òsì rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọmú.

Alàgbà tó ń darí ìjọ náà, ọkùnrin Èkìtì jẹ́jẹ́ tó ń wa bọ́ọ̀sì láàárín ọ̀sẹ̀, yíjú sí mi. "Bọ́láńlé, ìwọ lo kàwé nípa rẹ̀. Kí ni nǹkan yìí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sí ipò mi. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, kò tíì sí ẹni tó bi mí ní ohun tí mo mọ̀. Ara mi yá gágá. Mo fẹ́ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀mí, kì í ṣe ohun tó lè bú ènìyàn tàbí sáré lé ènìyàn, iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà ni. Orúkọ tí a sì ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì ni ère: ère Ifẹ̀, ère Èsìẹ́, ère onígi.

"Ère ni, sà," mo wí, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ère lásán ni."

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ pẹ̀lú etí tiwọn. Nínú ilé yẹn, ère kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Ère ni ohun tí òfin mẹ́wàá kọ̀. Èmi tí mo fẹ́ gbè é lẹ́yìn ni mo jẹ́rìí sí i, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́.

"Ẹnu rẹ̀ náà ló ti jáde," obìnrin kan wí lẹ́yìn mi.

Mo sáré sọ pé, "Rárá, sà. Ère ni, àmọ́ kì í ṣe irú ère yẹn."

Alàgbà wò mí bí bàbá ṣe ń wo ọmọ tó fẹ́ já sí omi. "Ère mélòó ló wà, ọmọ mi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn, ìyẹn ló burú jù. Ẹ̀rín ìfẹ́ ni, ó sì pa ọ̀rọ̀ náà dé. Wọ́n fẹnu kò pé òkúta náà gbọ́dọ̀ kúrò lábẹ́ òrùlé kí ọjọ́ ìyàsímímọ́ tó pé. Ẹnì kan ní kí wọ́n wá òòlù. Alàgbà ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Lẹ́yìn tí wọ́n padà sídìí ọ̀dà, mo tan iná fóònù mi sí i lójú. Imú àti ẹnu rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ojú náà jọ̀lọ̀ bí ọṣẹ tí a ti lò fún ìgbà pípẹ́. Òjò ni mo kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n òjò kì í yan ojú ìyá àti ẹsẹ̀ ọmọ nìkan jẹ. Ọwọ́ ni. Ẹ rántí bí ojú ère ìbejì ṣe máa ń pa rẹ́ nítorí pé ìyá ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lóúnjẹ lójoojúmọ́. Ìfẹ́ ló jẹ ojú obìnrin yìí tán. Ẹ̀tù pupa kan sì wà níbi tí irun rẹ̀ ti pín sí méjì, tó dà bí osùn. Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí olùkọ́ mi. Ó ní ó lè jẹ́ ti àtijọ́ gan-an, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n gbẹ́ láìpẹ́ kó lè jọ ti àtijọ́, òun ò lè mọ̀ láìfi ọwọ́ kàn án. Òun á wá nígbà tí àyè bá yọ.

Mà

Lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, èmi àti Mọ́mì nìkan ló wà níbẹ̀ tí ìyá arúgbó kan fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Sárì, aṣọ àwọn obìnrin ilẹ̀ Íńdíà, ni wọ́n wọ̀, wọ́n wá gbé jákẹ́ẹ̀tì nípọn lé e. Wọ́n wo bàtà wa tó wà nílẹ̀, wọ́n sì bọ́ tiwọn, láìsí ẹni tó sọ fún wọn, lórí sìmẹ́ńtì tó tutù bí yìnyín. Mọ́mì, tí wọ́n ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn jà nítorí bàtà, wo ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn, ojú wọn sì rọ̀.

"Ta ló kọ́ ìyá yìí?" wọ́n bi mí wúyẹ́wúyẹ́.

Ìyá náà rìn bí ẹni tó mọ inú ilé, wọ́n lọ tààrà sí yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ ọmọ tó wà lórí itan òkúta náà. "Máà," wọ́n wí.

Mọ́mì dáhùn lẹ́yìn wọn. "Mà?"

Ìyá arúgbó yíjú padà, ó yà wọ́n lẹ́nu. Mọ́mì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀, ẹ jù mí lọ, mà." Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi "mà" tiwa parí rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe fún àgbà. Inú ìyá náà dùn, wọ́n rò pé òkúta ni Mọ́mì náà ń kí. "Máà," wọ́n tún wí. "Rárá, mà," Mọ́mì fèsì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi kí n tó là wọ́n. Mo ní ìyá ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lédè tiwọn, òkúta ni wọ́n ń pè. Mọ́mì ronú sí i. "Kò kúkú jìnnà sí tiwa," wọ́n wí.

Orúkọ ìyá náà ni Kamla. Nígbà tó jẹ́ pé a ò lè la orúkọ mọ́ àgbà lórí, Màmá Kamla là ń pè wọ́n. Wọ́n béèrè ta wá ni Kamla tí àwọn jẹ́ ìyá rẹ̀. A ò rí i ṣàlàyé.

Ọkọ wọn ni ọkùnrin tó ń ta òkúta nínú ilé ìkẹ́rùsí náà tẹ́lẹ̀. Bàbá ọkọ wọn ló gbé òkúta náà kúrò ní Íńdíà lọ sí Kenya. Nígbà tí ilé tú ní Kenya, wọ́n gbé e wá sí Ẹ̀ńgílandì. Mo bi wọ́n ní orúkọ òrìṣà náà. Wọ́n sọ ọ́, wọ́n wá fi kún un pé nílé, Máà nìkan ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn ikú ọkọ wọn, ọmọ wọn ọkùnrin kó wọn sí ilé tirẹ̀, ní àjà òkè pátápátá ilé gíga kan, ó sì sọ fún wọn pé wọ́n ti gbé òkúta náà lọ síbi tó dára. Wọ́n gba bẹ́ẹ̀ títí ọkàn wọn ò fi gbà á mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kan tó ń gbé ní ìlú mìíràn ní ọkọ̀ akẹ́rù, tẹ́ńpìlì kan sì ti ṣetán láti gbà á. Kí a sáà bá wọn tọ́jú rẹ̀ títí ọkọ̀ náà á fi dé.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì wá. Wọ́n máa ń fi mílíìkì àti omi nu ojú rẹ̀, wọ́n á tan ọ̀pá tùràrí kan. Òórùn náà kò yàtọ̀ sí ti ìjọ wa. Mọ́mì ti ilẹ̀kùn yàrá náà kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́ ọ, àwọn fúnra wọn sì dúró sínú rẹ̀. Màmá Kamla mú àkàrà dídùn kan wá, tí wọ́n ti gbé síwájú òkúta. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé Mọ́mì ò ní jẹ oúnjẹ tó ti iwájú òrìṣà wá, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Mọ́mì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n ní àwọn wà nínú ààwẹ̀.

Màmá Kamla ní àwọn náà máa ń gbààwẹ̀, wọn kì í jẹ ohun oníhóró lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

"Omi ńkọ́?" Mọ́mì béèrè.

"A máa ń mu omi."

"Àwa ò ń mu omi," Mọ́mì wí, bí ẹni tó borí nínú eré ìje. Àwọn ìyá méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àárín wọn gún láti ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yìn ilé

Ọjọ́ ìyàsímímọ́ ṣáájú ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù lè wá. Mọ́mì bẹ Alàgbà títí. Alàgbà ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìyá arúgbó tàbí òkúta rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè ya ilé sí mímọ́ kí ère sì wà nínú yàrá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ "ère", wọn ò wò mí. Inú rere ni, ó sì dùn mí ju bí wọ́n bá ti wò mí lọ.

Wọ́n fi páìpù yí i jáde lọ sẹ́bàá ọgbà lẹ́yìn ilé. Alàgbà fúnra wọn fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí rẹ̀ kó má bàa gbá férémù ilẹ̀kùn. "Ẹ rọra, ẹ rọra," ni wọ́n ń sọ, bí ìgbà tí a bá ń gbé aláìsàn. Lẹ́yìn náà, òjò bẹ̀rẹ̀, òjò ìlú yẹn tí kì í rọ̀ tí kì í sì í dá.

Gbogbo èèyàn ti ń lọ nígbà tí Mọ́mì padà sẹ́yìn. Mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n tú ìborùn onírun tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n fi wé òkúta náà àti ọmọ rẹ̀, wọ́n ta á ní kókó sẹ́yìn.

"Òtútù á mú wọn," Mọ́mì wí.

Mo dúró. Títí di ọjọ́ yẹn, "ó" ni Mọ́mì ń pè é, tàbí "nǹkan yẹn". Èmi náà tí mo ní mo fẹ́ràn rẹ̀, "ó" ni mò ń pè é. Mo kọ́kọ́ rò pé ìyá àti ọmọ ni wọ́n kà pọ̀, kí wọ́n tó jẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Mọ́mì. Èmi tí mo máa ń ṣàlàyé ohun gbogbo, mo kàn bá wọn fa kókó náà le.

Ọjọ́ Ìsinmi náà dára. Sùtánà funfun kún inú ilé, agogo ń dún, iná àbẹ́là ń mì lára ògiri tí a fi ọwọ́ wa kùn. Mo kọrin. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí orin bá dákẹ́, mò ń gbọ́ òjò lórí páànù.

Àyè òfo

Kò sí níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù dé.

Àyè kan tó funfun díẹ̀ wà nílẹ̀, ní ibi tó ti jókòó. Ojú ọ̀nà tí wọ́n wọ́ ọ gbà hàn dé ẹnu géètì. Ìborùn Mọ́mì wà nínú ẹrẹ̀. Bóyá àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ni, bóyá àwọn tó ń wá òkúta tí wọ́n á gbé sínú ọgbà òdòdó, bóyá ẹni tó mọ ohun tó jẹ́. A béèrè káàkiri àwọn ilé iṣẹ́ tó yí wa ká. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá Kamla bínú. Ó béèrè ta ló gbé e síta. Alàgbà ní, "Èmi ni," wọn ò fi ọ̀rọ̀ kankan lé e. Wọ́n ní kí Màmá Kamla má bínú. Èmi náà ní kí wọ́n má bínú. Mo ní mo ní àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, mo lè fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Màmá Kamla ní àwọn náà ní àwòrán.

Wọ́n bọ́ bàtà wọn nínú omi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan àyè funfun yẹn, wọ́n sì fi ọwọ́ náà kan iwájú orí wọn.

Mọ́mì dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo rí i pé wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa sọ. Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀, gbogbo wa ti lò ó tán. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n kọjá lára Alàgbà, wọ́n sì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó jù wọ́n lọ.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í kí ènìyàn bẹ́ẹ̀ nítorí òkúta. Alàgbà mọ̀. Mo wò wọ́n, mo rò pé wọ́n á sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣí fìlà.

Màmá Kamla ò béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Bóyá ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn nìkan ni wọ́n gbọ́. Wọ́n gbé ọwọ́ tó tutù yẹn lé Mọ́mì lórí. "Máà," wọ́n wí. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Ni Mọ́mì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, irú ẹkún tí mi ò gbọ́ lẹ́nu àgbàlagbà rí, ẹkún ẹni tó ti fi í pa mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí Alàgbà bẹ̀rẹ̀ láti gbé wọn dìde, Mọ́mì ní, "Ìyá mi kú, sà. Ó ti pẹ́. Mi ò sọ fún yín."

Alàgbà kí wọn níbẹ̀, nínú òjò.

Ilé

Olùkọ́ mi ò rí àyè wá kó tó di pé ó pẹ́ jù. Òkúta mìíràn, tó wà lẹ́yìn gíláàsì, ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, wọ́n sì ní mo ṣe dáadáa. Mọ́mì fọ ìborùn náà. Ẹrẹ̀ rẹ̀ ò tán pátápátá, wọ́n ṣì ń wé e lọ síbi iṣẹ́. Màmá Kamla ò wá mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ wá wò?

Lẹ́yìn tí mo dé, mo lọ sí Èsìẹ́. Mo fẹ́ rí wọn kí n tó rí ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹ foríjì mí. Mo bọ́ bàtà mi. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní kí n wọ̀ ọ́ padà, pé ilẹ̀ ń gbóná, pé kò sẹ́ni tó ní kí n bọ́ ọ. Mo ní kò burú. Mo kí wọn bí ìyá àgbà ṣe máa ń kí wọn.

Mo wá bi ọkùnrin náà bóyá ẹnikẹ́ni ti wá béèrè wọn rí, láti ibi tí wọ́n ti wá.

Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó wá.

Mo jókòó tì wọ́n títí oòrùn fi rọ̀. Gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà kan náà. Mò ń ro ilẹ̀ tó funfun tí wọ́n fi sílẹ̀ níbì kan tí a ò mọ̀, àti ẹni tó bọ́ bàtà lórí rẹ̀.